Ọmọ Ẹgbẹ́ àbí Ẹni Tí Yóò Wọlé: Lámèyítọ́ Òwe àti Ìtàn lórí Yíyan Olùdíje ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Àṣamọ̀
Iṣẹ́ yìí ṣe àyẹ̀wò àríyànjiyàn kan tí kì í tán nínú òṣèlú wa: ṣé ẹni tí ó di ìlànà ẹgbẹ́ mú ṣinṣin ni kí ẹgbẹ́ fà kalẹ̀ fún ìdìbò, àbí ẹni tí àwọn olùdìbò yóò gbà, bí kò tilẹ̀ di ìlànà náà mú tó bẹ́ẹ̀? A lo tíọ́rì ìfojú-ìmọ̀-ìbára-ẹni-gbé-pọ̀-wo-lítíréṣọ̀ láti tú òwe méjì palẹ̀, a sì wo eré-oníṣe Baṣọ̀run Gáà àti ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́ta nínú ìtàn Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Àbájáde wa ni pé ìhà méjèèjì gbàgbé ìbéèrè kẹta tí àwọn baba wa kò fi ṣeré: ta ni yóò lè bá ẹni tí a yàn wí, ọ̀nà wo ni yóò sì gbà ṣe é?

1.0 Ìfáárà
Bí ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé ní ilẹ̀ wa, inú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ìjà àkọ́kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan a ní ẹni tí ó ti jìyà fún ẹgbẹ́, tí ó sì mọ ìlànà rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, ni kí a fà kalẹ̀. Àwọn mìíràn a ní kí a wo ojú àwọn olùdìbò, kí a yan ẹni tí yóò wọlé. Ìjà yìí a máa le nínú ẹgbẹ́ tí a lè pè ní kọ́nsáfétíìfù, ìyẹn ẹgbẹ́ tí ó gbára lé ètò tí a bá nílẹ̀, tí ó ń bọ̀wọ̀ fún ọba, ìjòyè àti ọlọ́lá, tí ó sì ń fura sí àyípadà òjijì. Ohun tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣọ́ kì í sábà wà nínú ìwé. Ara ènìyàn ni ó wà. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní ìlànà ni àwọn ń jà lé lórí, orí ènìyàn ni ìjà náà ń dé sí.

A yan Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ fún iṣẹ́ yìí nítorí pé Ọ̀yọ́ ni ibùjókòó Aláàfin àti Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn tí ó ti ń yan olórí kí òṣèlú ìbò tó dé. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó bí Ládòkè Akíntọ́lá àti Adébáyọ̀ Alàó-Akálà, àwọn méjì tí orúkọ wọn wà láàrin ìjà yíyan àti yíyọ olórí ní ìhà Ìwọ̀-Oòrùn.

2.0 Òwe Méjì Tí Wọ́n Fi Ń Jà
Òwe tí ó bá ìhà àwọn onílànà mu jù ni pé: 'Ọmọ ẹni kò ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn.' Bí a bá wo òwe yìí dáadáa, a ó rí i pé kò sọ̀rọ̀ ìlànà rárá. Ohun tí ó fi ń ṣe òṣùwọ̀n ni 'ọmọ ẹni'. Kò bèèrè ohun tí ọmọ náà gbà gbọ́. Ẹni tí ó ni ín ni ó ń bèèrè. Nígbà tí òwe yìí bá ti dé ibi ìpàdé ẹgbẹ́, 'ọmọ ẹgbẹ́ tòótọ́' ti di 'ọmọ bàbá wa'. Ìfọkànsìn sí aṣáájú ti gba ipò ìfọkànsìn sí ìlànà, kò sì sí ẹni tí ó ṣàkíyèsí.

Òwe ìhà kejì ni: 'Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni.' Ìtumọ̀ tí àwọn olóṣèlú ń fún un ni pé kí a kọ́kọ́ wọlé ná, kí ọ̀rọ̀ ìlànà dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kékeré kan wà nínú òwe náà tí wọn kì í kà: 'tíì'. Òwe náà sún ìbéèrè síwájú ni, kò pa á rẹ́. Ọmọ tí ó pa òwe yìí ṣì ní baba tí wọ́n pa, ó sì ṣì ń bọ̀ wá bèèrè. Ẹni tí idà tẹ̀ lọ́wọ́, tí kò wá rántí ikú baba rẹ̀ mọ́, kò lo òwe náà dé òpin.

3.0 Ọ̀yọ́ Mèsì àti Baṣọ̀run Gáà
Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, ìdílé ọba nìkan ni ọmọ oyè ti lè jáde wá. Èyí jọ ohun tí àwọn onílànà ń wí. Ṣùgbọ́n jíjẹ́ ọmọ ọba kò tó. Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn ìjòyè méje tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, ni yóò wádìí, tí wọn yóò sì bi Ifá. Èyí jọ ohun tí àwọn oníwọlé ń wí, nítorí ó ń wo ìtẹ́wọ́gbà. Ètò náà kò tún dúró níbẹ̀. Bí ọba bá tàpá sí ìlú, Ọ̀yọ́ Mèsì lè kọ̀ ọ́, ọba tí wọ́n bá sì kọ̀ kò gbọdọ̀ wà láàyè mọ́. Òwe kan gbé ẹ̀mí ètò yìí jáde: 'A fi ọ́ jọba, o ń ṣe àwúre, o fẹ́ jẹ Ọlọ́run ni?'

Àmọ́ agbára ìbáwí náà lè bàjẹ́, ohun tí eré-oníṣe Adébáyọ̀ Fálétí, Baṣọ̀run Gáà, tí ó jáde ní 1972, fi hàn wá nìyẹn. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń kọ́ eré yìí bí ìtàn ìkà kan tí ó gba èrè ìkà. Ní èrò tiwa, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gáà kò rú òfin yíyan ọba. Òfin ni ó dì mú. Ó ń fi ọba jẹ, ó sì ń mú un kúrò bí àṣà ṣe gbà. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó sọ iṣẹ́ tí ìlú gbé lé e lọ́wọ́ di ohun ìní ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa Agbọ̀nyìn, ọmọ Abíọ́dún, a rí ibi tí ọ̀rọ̀ dé: ẹni tí ìlú fi ṣọ́ ọba ni kò sí ẹni tí ó ń ṣọ́ ọ. Bàbá ìsàlẹ̀ inú òṣèlú òde òní ń kọ́, àbí Gáà kọ́ nìyẹn?

4.0 Ìṣẹ̀lẹ̀ Mẹ́ta
4.1 Adélù àti Kúrunmí, 1859
Àṣà Ọ̀yọ́ ni pé kí Àrẹ̀mọ bá Aláàfin tí ó bí i kú. Aláàfin Àtìbà fẹ́ kí Adélù, Àrẹ̀mọ rẹ̀, jọba lẹ́yìn òun. Nígbà tí Àtìbà wàjà ní 1859, Ìbàdàn, tí ó lágbára ogun jù, fara mọ́ Adélù. Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní Ìjàyè, kọ̀ jálẹ̀, ó ní àṣà kò gbà á. Ogun bẹ́ ní 1860, wọ́n sì fọ́ Ìjàyè ní 1862.

A lè yìn Kúrunmí pé ó dúró lórí àṣà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ipá gba Ìjàyè, tí ó sì ń dá ṣe olórí níbẹ̀, kò fi gbogbo àṣà ṣe tirẹ̀. Èyí tí ó wù ú ni ó mú. Àwọn tí ó fara mọ́ Adélù náà kò dúró kí gbogbo ìlú fohùn ṣọ̀kan lórí òfin náà kí ohun tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Ìhà kan ní àṣà, ìhà kejì ní agbára, kò sì sí ibi tí wọ́n ti lè bá ara wọn rò ó. Ogun ni ó wá dá ẹjọ́ náà.

4.2 Akíntọ́lá àti Adégbẹnró, 1962
Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn tí Ìjàyè fọ́, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ fọ́. Akíntọ́lá ni Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn láti 1959. Níbi àpérò ẹgbẹ́ ní Jos ní oṣù kejì 1962, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fẹ́ kí ẹgbẹ́ di ìlànà ìjọba àjùmọ̀ní mú. Akíntọ́lá àti àwọn tirẹ̀ kò fara mọ́ ọn. Wọ́n fẹ́ kí ẹgbẹ́ bá àwọn tí ó ń ṣèjọba àpapọ̀ ṣe, kí Yorùbá má baà jókòó síta. Ìhà tiwọn ni a lè pè ní kọ́nsáfétíìfù.

Ní oṣù karùn-ún, ẹgbẹ́ yan Dáúdà Adégbẹnró láti rọ́pò rẹ̀. Gómìnà, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, lo lẹ́tà tí ọmọ Ilé Ìgbìmọ̀ 66 fọwọ́ sí láti yọ Akíntọ́lá. Ìdìbò kò wáyé nínú Ilé. Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún, ìjà bẹ́ nínú Ilé, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 29, ìjọba àpapọ̀ kéde ìlú-kò-fararọ. Ní oṣù karùn-ún 1963, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù dá Adégbẹnró láre. Wọ́n kàn yí òfin ìhà Ìwọ̀-Oòrùn padà kí ìdájọ́ náà má lè mú Akíntọ́lá ni. Èyí ni ó yẹ kí a tẹjú mọ́. Kì í ṣe àṣìṣe yíyan ni ó pa ilẹ̀ náà lára jù; ọ̀nà ìbáwí ni wọ́n bà jẹ́. Ní 1964 Akíntọ́lá di Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ẹgbẹ́ Dẹ́mọ sì gorí àlééfà. Ìdìbò 1965 di rògbòdìyàn 'wẹ́tìẹ̀'. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní 1966 àwọn ológun pa á ní Ìbàdàn.

4.3 Ládọjà àti Alàó-Akálà, 2003 sí 2007
Díẹ̀ nínú àwọn aṣáájú Dẹ́mọ, bí Adísá Akínlóyè, ni ó tún wà nídìí ẹgbẹ́ NPN ní 1979. Ọ̀pọ̀ òǹwòye sì ń ka PDP ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ mọ́ ìdílé òṣèlú kan náà. Ní 2003, ẹgbẹ́ yìí fa Ràṣídì Ládọjà kalẹ̀, Alàó-Akálà sì ni igbákejì rẹ̀. Olóyè Làmídì Adédibú wà lẹ́yìn wọn, wọ́n sì wọlé. Èèkù idà ti tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́.

Nígbà tí Ládọjà àti Adédibú dìjà, ọmọ Ilé Ìgbìmọ̀ 18 nínú 32 yọ Ládọjà ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní 2006, bẹ́ẹ̀ ìdá méjì nínú mẹ́ta ni òfin béèrè. Alàó-Akálà gba ipò. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá Ládọjà padà. Síbẹ̀, Alàó-Akálà ni ẹgbẹ́ fà kalẹ̀ ní 2007, òun náà sì wọlé. Ní 1962, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n yọ. Ní 2006, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni yíyọ náà ṣe láǹfààní. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni ó wà níbẹ̀: ta ni gómìnà jẹ ní gbèsè, olùdìbò ni àbí ẹni tí ó kó olùdìbò wá?

5.0 Àgbálọgbábọ̀
Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ ìbáwí kò kan yíyan, pé ẹ̀yìn ìdìbò ni ó ń wá. Èsì wa ni pé ọjọ́ tí a yan ènìyàn ni a ti pinnu ẹni tí yóò máa bẹ̀rù. Ẹni tí a yàn nítorí pé ó jẹ́ ọmọ bàbá yóò bẹ̀rù bàbá. Ẹni tí a yàn nítorí pé yóò wọlé yóò bẹ̀rù ẹni tí ó mú un wọlé. Kò sí èyí tí ó ní láti bẹ̀rù ìlú nínú méjèèjì. Bí a bá ní dandan kí a yan ìhà kan, a ó fara mọ́ ẹni tí ìlú gbà, nítorí ìlànà tí kò dé ọ̀dọ̀ ìlú kò tún ohunkóhun ṣe. Ṣùgbọ́n kí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ sọ ní gbangba ìlànà tí olùdíje kò gbọdọ̀ fi ṣòwò, àti ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ láti mú un bí ó bá fi ṣe é.

Ẹ̀yin olùkọ́ lọ́la, ọwọ́ yín ni iṣẹ́ yìí wà. Bí ẹ bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní òwe èèkù idà, ẹ má dúró lórí ìtumọ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tí ó ń pa á, ẹni tí ó ń pa á fún, àti ọjọ́ tí yóò padà wá bèèrè ikú baba rẹ̀. Bí ẹ bá ń kọ́ wọn ní Baṣọ̀run Gáà, ẹ jẹ́ kí wọ́n wádìí ibi tí Ọ̀yọ́ Mèsì yòókù wà nígbà tí Gáà ń ṣe bí ó ti wù ú. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ni yóò jókòó níbi ìdìbò abẹ́lé lọ́la. Ó yẹ kí wọ́n ti mọ̀ pé òwe tí a kò bá pa dé òpin lè di ohun tí wọn yóò fi tan àwọn jẹ.