Apá Tòlótòló Inú Ófùn

Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń mú kí apá tòlótòló rọ̀ láìgbẹ, ó yẹ ká kí i kú iṣẹ́. Apá kì í rọ̀ bọ̀rọ̀, nítorí iṣan àti awọ pọ̀ lára rẹ̀. Alásè tó mọṣẹ́ á fi iyọ̀, aáyù, ata ilẹ̀ àti táìmù ra á, á sì fi í sínú fíríìjì di ọjọ́ kejì. Á to àlùbọ́sà sísàlẹ̀ páànù, á kó apá náà lé e lórí, á bu omi díẹ̀ sí i, á fi fọ́ìlì dé e pinpin, á sì sè é nínú ófùn ní 175°C fún bíi wákàtí 2. Ooru jẹ́jẹ́ yẹn ló ń yọ́ iṣan líle. Tí apá náà bá rọ̀ tán ni yóò ṣí i, kí awọ lè pọ́n. Díndín dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ń bọ́ lára eegun fúnra rẹ̀ jù ú lọ. Ẹ dán an wò, ẹ má sì kánjú.