Ìjánu Ọ̀rọ̀: Láti Orí Ìtàgé Ògúndé dé Orí Ìkànnì Fídíò

Ó ti di àṣà kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń kọ̀wé lórí orin èébú nínú ọdún ìbílẹ̀ máa fi gbólóhùn kan ṣoṣo pa ìdáhùn rẹ̀ dé: pé Yorùbá fún olúkúlùkù ní òmìnira láti sọ ohun tí ó bá wù ú. Yóò tọ́ka sí Òkèbàdàn, yóò tọ́ka sí Èfẹ̀, iṣẹ́ parí. Lóde òní, àwọn òǹwòran ìkànnì fídíò náà ti ń pe ọdún wọ̀nyí ní ẹlẹ́rìí. Bí olórí ìkànnì bá pa ọ̀rọ̀ òǹwòran kan rẹ́ lábẹ́ fíìmù, wọn a ní ohun tí ó ṣe lòdì sí àṣà baba wa. Ẹ̀rí tí wọ́n ń pè náà kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú Òkèbàdàn. Ní ọjọ́ ọdún yìí, tí àwọn ará Ìbàdàn fi ń rántí bí Lágelú àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe fi òro àti ìgbín gbé ẹ̀mí ró lórí òkè, tọmọdé tàgbà ni ó ń kọrin, tí wọ́n ń pe ohun tí a kì í pè ní gbangba lórúkọ. Ẹni tí a bá bú kò gbọdọ̀ bínú. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, ẹni tí ó bá tún gbé irú orin bẹ́ẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà aládùúgbò rẹ̀ ti di aláfojúdi. Ní ti Èfẹ̀, tí àwọn ará Kétu àti Yewa máa ń ṣe ní òru kí ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní ojúmọmọ, òkorin kì í bú ẹnikẹ́ni kí ó tó júbà òrìṣà, àwọn ìyá, àti àgbà ìlú. Ọjọ́ ni ìjánu Òkèbàdàn. Ìbà ni ìjánu Èfẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàkíyèsí ni pé ìlú ni ó di ìjánu náà mú, kì í ṣe ẹni tí a ń bú.

Ní Ilé-Ifẹ̀ pàápàá, níbi ọdún Edì tí a fi ń rántí Mọ́remí, ẹnì kan wà tí ń ru ẹ̀gbin ìlú jáde. Gbogbo ìlú ni ó mọ̀ pé a ti gbé nǹkan kúrò, wọ́n sì mọ ẹni tí ó gbé e.

Lórí YouTube, ọ̀tọ̀ ni bí nǹkan ṣe rí. Olórí ìkànnì lè ti ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ pa pátápátá, ó sì lè dá ọ̀rọ̀ dúró títí yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ó tún lè to àwọn ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ kí ẹ̀rọ máa dá gbogbo ohun tí wọ́n bá wà nínú rẹ̀ dúró. Àtòkọ yìí ni ó kan onímọ̀ èdè jù. Ọ̀pọ̀ òǹwòran kì í fi àmì ohùn sí Yorùbá tí wọ́n ń kọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi “oko” sínú àtòkọ rẹ̀, nítorí ìtumọ̀ kan tí Òkèbàdàn kì í tijú láti pè, ti pa àgbẹ̀ lẹ́nu mọ́. (Ìyà tí àìfi àmì sí ọ̀rọ̀ ń mú wá kò mọ sí inú gbọ̀ngàn ìdánwò nìkan.)

Bí a tilẹ̀ fi àmì sí gbogbo rẹ̀, àtòkọ náà kò ní kájú èdè yìí, nítorí pé èébú Yorùbá tí ó dùn ún gbọ́ jù kì í gbé inú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Nínú fíìmù Saworoidẹ (1999), tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tí ó ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fún ọdún púpọ̀, kọ, tí Túndé Kèlání sì darí, Jogbo ni ìlú tí ọba ti kọ̀ láti gba gbẹ́rẹ́ ìmùlẹ̀ kí ó lè ráyè kó ọrọ̀ ìlú jẹ. Bí òǹwòran bá kọ ọ́ sí abẹ́ fídíò olóṣèlú kan pé, “Ṣé Jogbo kọ́ nìyí?”, ẹ̀rọ wo ni yóò dá a dúró? Olóṣèlú náà nìkan ni ọ̀rọ̀ yóò ta létí.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó ṣe rí ní 1964. Yorùbá Ronú tí Hubert Ògúndé ṣe kì í ṣe eré èébú ní ti ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìtàn ọba tí igbákejì rẹ̀ dà fún ọ̀tá ni. Ní ọdún tí ó ṣáájú ni wọ́n ti sọ Awólọ́wọ̀ sí ẹ̀wọ̀n, Akíntọ́lá tí ó ti jẹ́ igbákejì rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ sì ni olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ìjọba gbọ́ orúkọ tí eré kò pè, wọ́n sì fi òfin de ẹgbẹ́ òṣèré Ògúndé ní gbogbo agbègbè náà. Ẹni tí a bú ni ó di ìjánu mú níhìn-ín, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà ti yà kúrò lọ́dọ̀ ti Òkèbàdàn.

Kì í ṣe pé kí ìkànnì wà láìní alámòójútó. Olórí ìkànnì tí ó ń pa ọ̀rọ̀ àwọn tí ń fi ara òṣèrébìnrin ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ́ kò jẹ̀bi ohunkóhun, nítorí pé lójoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́, láìní ọjọ́ ọdún tí yóò dópin. Ẹ̀sùn tí ó wà ni pé kí òṣèré tàbí olóṣèlú kan náà jẹ́ ẹni tí a ṣe lámèyítọ́, kí ó jẹ́ adájọ́, kí ó sì tún ṣe é ní ìkọ̀kọ̀.

Ìkọ̀kọ̀ yìí ni ó burú jù. Ògúndé mọ ẹni tí ó de òun. Ó fi Òtítọ́ Korò dá wọn lóhùn ní ọdún 1964 kan náà, òfin náà kò dé Èkó, ìjọba ológun sì gbé e kúrò ní 1966. Ṣùgbọ́n òǹwòran tí olórí ìkànnì bá fi pa mọ́ lórí YouTube kì í gbọ́ ìkéde kankan. Yóò máa kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, yóò máa fi ojú ara rẹ̀ rí i lábẹ́ fídíò, yóò sì máa retí èsì lọ́dọ̀ àwọn tí kò rí ohun tí ó kọ.