Lẹ́tà Rọ̀bọ̀tọ̀ Iwájú Agbégilódò

Ẹni tó bá dúró létí títì l'Ókè-Àgbò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí òwò gẹdú ti lókìkí, á mọ ọkọ̀ agbégilódò dáadáa. Ohun tí èmi máa ń wò ni ọ̀rọ̀ iwájú orí rẹ̀, tí wọ́n fi lẹ́tà rọ̀bọ̀tọ̀ kọ.

Iṣẹ́ átíìsì ni. Á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, á ya ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà, á wá fi búrọ́ọ̀ṣì kun inú rẹ̀. Òjìji dúdú ló ń gbẹ̀yìn, òun ló ń mú ọ̀rọ̀ yọ jáde lára pákó. Sísanra náà ní ìdí: ọkọ̀ tó ń sáré kì í dúró de ẹni tó ń kà á.

Irú lẹ́tà báyìí wà lókè òkun náà: lọ́dún 1922, Oswald Cooper ará Chicago ya Cooper Black, lẹ́tà tó wú bí àkàrà inú epo. Òun ló wà lára páálí àwo orin Pet Sounds ti ẹgbẹ́ olórin Beach Boys, 1966. Mo fẹ́ràn lẹ́tà yìí púpọ̀, àmọ́ èdè tí kò ní ẹ, ọ àti ṣ ni wọ́n yà á fún. Átíìsì tiwa ní láti wá àyè fún àmì lábẹ́ lẹ́tà tó ti gba gbogbo ilẹ̀: á gbé lẹ́tà sókè díẹ̀, á sì jẹ́ kí àmì náà sanra bíi tirẹ̀. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn.

Sítíkà tí ẹ̀rọ ń gé ti ń gba iṣẹ́ yìí. Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣì máa pe átíìsì.