Ẹjọ́ Tí Róbọ́ọ̀tì Dá

Àwọn ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí ẹnikẹ́ni lè lò lọ́fẹ̀ẹ́, tí a sì lè tú inú wọn wò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tọ́jú wọn kì í gba kọ́bọ̀. Bí ẹnì kan bá rí àṣìṣe níbẹ̀, á kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìròyìn rẹ̀ á sì bọ́ sínú ímeèlì alábòójútó, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn.

Ní tèmi, ọ̀nà Debian, ètò tó bẹ̀rẹ̀ ní 1993, ló dára jù. Gbogbo ẹ̀sùn ló ní nọ́ńbà tirẹ̀, ẹni tó mú un wá á sì gba èsì pé ó ti dé. Nígbà tí alábòójútó bá tún un ṣe tán, á kọ ímeèlì sí nọ́ńbà yẹn láti parí rẹ̀, ẹ̀dà ohun tó kọ á sì dé ọwọ́ olùfisùn. Wọ́n tún ń pín ẹ̀sùn sí ìpele. Lóòótọ́, olùfisùn lè yan ìpele tó ga ju ohun tó rí lọ (ta ni kì í pariwo nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ bá bàjẹ́?), ṣùgbọ́n alábòójútó lè yí i padà.

Ní GitHub, àwọn ètò kan ń lo róbọ́ọ̀tì tí wọ́n ń pè ní stale. Bí wọn kò bá yí ìlànà rẹ̀ padà, yóò lẹ àmì mọ́ ẹ̀sùn tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ sí fún ọjọ́ 60. Lẹ́yìn ọjọ́ 7 sí i, á tì í pa. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń lò ó. Ẹni tó ṣiṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ tán, tó wá bá òkìtì ìròyìn lálẹ́, kò lè dá gbogbo wọn lóhùn. Síbẹ̀, wọ́n fi ètè sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Àṣìṣe kì í kú nítorí pé wọn ò dárúkọ rẹ̀ fún oṣù méjì. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ìkìlọ̀ róbọ́ọ̀tì náà fúnra rẹ̀ tún jẹ́ ìròyìn kan sí i. Olùfisùn á sì máa kọ "ó ṣì wà níbẹ̀" lóòrèkóòrè, kí wọ́n má baà tì í mọ́ ọn lójú. Ariwo tí wọ́n fẹ́ dín kù ló ń bímọ yẹn.

Ẹni tó lo wákàtí kan láti ṣàlàyé àṣìṣe dáadáa, tí ẹ̀rọ wá lé e lọ, ṣé yóò tún padà wá? Bẹ́ẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni alábòójútó nílò. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù, kí ó kọ gbólóhùn kan ṣoṣo: "N kò ní lè ṣe èyí." Yóò dun olùfisùn, ṣùgbọ́n ó lè bẹ ẹlòmíràn, tàbí kí ó tún un ṣe fúnra rẹ̀, nítorí inú ètò náà ṣí sílẹ̀ fún un.