Ọwọ́ Ni Wọ́n Fi Ń Jẹ Iyán Èkìtì

Ní Ìgèdè-Èkìtì, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn/Ìfẹ́lódùn, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń jẹ iyán. Wọ́n á ṣan ọwọ́, wọ́n á bu òkèlè níwọ̀nba, wọ́n á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láàárín kó lè gbé ẹ̀fọ́ rírò, ó di ọ̀nà ọ̀fun.

Ṣé ká rún un lẹ́nu ni àbí ká gbé e mì? Àríyànjiyàn ibẹ̀ kì í tán. Àwọn àgbà ní iyán tó kúnná, tí kò ní kókó, kò nílò eyín. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ẹran ńkọ́? Ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ilé kì í ṣáájú àgbà mú un.

Fọ́ọ̀kì ti wọ ilé oúnjẹ Adó-Èkìtì báyìí. Kò burú, ṣùgbọ́n ọwọ́ ló ń sọ bí iyán ṣe gbóná tó. Ẹ fọwọ́ jẹ ẹ́.