Ẹ Wo Ìdí Ọkọ̀

Tí wọ́n bá ń ròyìn eré ọkọ̀ ní etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, aṣọ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà: ankará ẹgbẹ́ kan, fìlà ẹgbẹ́ kejì, agboòrùn àwọn ìjòyè. Aṣọ náà rẹwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ gidi, kó gbójú kúrò lára àwọn tó ń jó láàárín ọkọ̀, kó wo ìdí ọkọ̀. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tí kì í jó, tí kì í kọrin, tí kì í gbójú kúrò lórí omi.

Atukọ̀ nìyẹn. Á ti àjẹ̀ rẹ̀ bọ omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, á sì dì í mú gbọin. Bó bá yí ọrùn ọwọ́ díẹ̀, orí ọkọ̀ á yà. Bó bá dá a padà, ọkọ̀ á tún bọ́ sójú ọ̀nà. Yíyí náà kò ju ti ẹni tó ń ṣí ìdérí ìgò lọ. Ẹni tó dúró létí omi kò lè rí i, àfi kó rí i pé ọkọ̀ kan ń lọ tààrà nígbà tí èkejì ń wọ́ sọ́tùn-ún wọ́ sósì.

Ìjó gan-an ló ń dán àwọn tó ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ wò. Ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kì í fẹ́ ẹni tó bá dìde nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ eré ọkọ̀ láìsí oníjó kò dùn. Nítorí náà, bí oníjó bá fi ara sósì, àwọn tó jókòó lápá òsì á yára fi pẹlẹbẹ àjẹ̀ tẹ ojú omi, ọkọ̀ á sì dúró. Wọn kò ní wo ara wọn, ẹnikẹ́ni kò sì ní pàṣẹ. Ìdí wọn tó kan pákó ọkọ̀ ló ti sọ fún wọn pé ọkọ̀ fẹ́ dà. Mi ò tíì rí ohun tó wú mi lórí tó bẹ́ẹ̀ nínú ayẹyẹ kankan létí omi.

Àwọn méjì tó wà níwájú ló ń mú ìrìn wá. Àwọn tó kù á máa wo èjìká wọn, wọ́n á sì máa gbọ́ agogo. Ìbàdí ni agbára ti ń wá, apá kàn ń tẹ̀ lé e ni. Tí àjẹ̀ bá ń ta omi sókè, ẹni tó ń wà á ti ń fi agbára ṣòfò. Ti ẹni tó mọ̀ ọ́n wà á wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, á sì jáde bẹ́ẹ̀. Káfíńtà ọkọ̀ náà kò gbẹ́yìn: òun ló fi òwú dí gbogbo ojú tí pákó ti pàdé pákó, tó sì fi ọ̀dà yí i.

Ọkọ̀ kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ lásán nínú ìtàn Ẹ̀pẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá ọkọ̀ ogun lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó. Ojú ọ̀sà lòun àtàwọn èèyàn rẹ̀ gbà, wọ́n sì fìdí kalẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn Ìjẹ̀bú tó ti wà níbẹ̀. Ó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn ní 1854, ó padà sí Èkó ní 1862, àwọn tó bá Òṣòdì Tápà, balógun rẹ̀, padà sì tẹ Epétẹ̀dó dó ní Erékùṣù Èkó. Àwọn tó dúró sí Ẹ̀pẹ́ ni à ń pè ní Èkó Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ń ṣe ìrántí dídé Kòsọ́kọ́ sí Ẹ̀pẹ́ nínú ọdún Káyókáyó lẹ́yìn Iléyá. Àwọn Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ ní tiwọn, ọdún Okosi, tí eré ọkọ̀ gbayì nínú rẹ̀. Nígbà FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú àgbáyé, ní 1977, eré ọkọ̀ wà lára ohun tí Nàìjíríà fi han àwọn àlejò ní Èkó.

Ẹ́ńjìnnì ló ń gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lórí ọ̀sà báyìí, mi ò sì bá apẹja kankan wí. Ọjà kì í dúró de ẹni tó ń wakọ̀ fọwọ́. Àmọ́ ọmọ tí kò di àjẹ̀ mú títí ọdún fi dé, aṣọ ẹgbẹ́ nìkan ló lè wọ̀ wá. Irú ọgbọ́n tí mo sọ yìí, ọjọ́ ọdún kọ́ ni wọ́n ń kọ́ ọ.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ọdún, lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí ẹ fi ń kí àwọn ìjòyè àti olówó, ẹ dákun, ẹ máa pe orúkọ atukọ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan àti ti káfíńtà tó kàn án. Ẹ yọ ẹ̀bùn sọ́tọ̀ fún wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ tó wà létí omi gbọ́ ọ.