Ẹbọ àti Ọgbọ́n Nínú Ẹsẹ Ifá

Nígbà tí àwa olùkọ́ bá ń fi ẹsẹ Ifá kọ́ àwọn ọmọ ní ọgbọ́n, a sábà máa ń mú ìtàn inú rẹ̀ àti ẹ̀kọ́ rẹ̀, a ó sì fi ẹbọ sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: àwa kì í bọ Ifá. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kù lẹ́yìn irú gígé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe Ifá mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti to ẹsẹ Ifá. Orúkọ awo tí ó dífá ni ó ṣáájú. Ẹni tí a dífá fún àti ìṣòro tí ó gbé e wá ni ó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn èyí ni ẹbọ tí a ní kí ó rú, bí ó rú u tàbí bí ó kọ̀, àti ohun tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀. Níbi ẹbọ ni a ti ń dán ènìyàn wò, bóyá ó lè yọ̀ǹda ohun ìní rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, a kò ní mọ ohun tí ó mú kí ẹnìkan là, kí èkejì sì ṣègbé.

Irú ọ̀ràn yìí wà ní ilẹ̀ Índíà pẹ̀lú. Àtẹnudẹ́nu ni wọ́n ti gba ìwé mímọ́ Veda, bí àwọn babaláwo wa ti ń kọ́ ẹsẹ odù 256 sórí. Apá rẹ̀ tí a ń pè ní Brahmana ń ṣe àlàyé ètò ẹbọ. Upanishad ń wádìí ohun tí ayé àti ọkàn jẹ́. Síbẹ̀, Brihadaranyaka, ọ̀kan nínú àwọn Upanishad tí ó pẹ́ jùlọ, orí ẹṣin tí a fi rúbọ ni ó fi bẹ̀rẹ̀: ó ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ni orí náà. Ìrònú wọn kò sá fún pẹpẹ. Ibẹ̀ ni ó ti hù.

Ẹnìkan lè wí pé kíka ẹbọ yóò mú àwọn ọmọ ṣìnà. Ṣebí wọ́n ń ka ẹbọ sísun nínú Lefitiku, kò sì sí ẹni tí ó fa àgbò wá sí ilé-ẹ̀kọ́.

Oníwàásù Ìjọ Áńgílíkà ni Àlùfáà E. M. Lijadu, síbẹ̀ ó gba ẹsẹ lẹ́nu àwọn babaláwo, ó sì tẹ ìwé méjì jáde, Ifá àti Ọ̀rúnmìlà. Èkejì jáde ní 1908. Ó gbọ́ kí ó tó dá ẹjọ́. Ní etí òkun Àgbádárìgì níhìn-ín, níbi tí àwọn Ègùn ti ń pe Ifá ní Fá, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń kọ ẹsẹ sílẹ̀, kí ó kọ owó, ẹran àti aṣọ tí a ní kí a fi rúbọ pẹ̀lú. A lè kọ̀ láti rú ẹbọ náà; a kò ní ẹ̀tọ́ láti pa á rẹ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni ín.